Ohùn Tí Ìyá Mi Mọ̀

Ẹ́ńjìnnì Pijó bàbá mi kú sí Àjàṣẹ́,
ọ̀sán Àlàmísì, oòrùn mú ganrínganrín.
Kò kú ikú akọni: ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó tu èéfín funfun, ó dákẹ́.
Obìnrin oníṣu sísun tó wà lẹ́bàá títì ní,
"Ọmọ yìí, fún un lómi mu."
Kì í ṣe òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

A fi okùn fà á dé ẹ̀yìn Garéèjì Ọ̀fà n'Ílọrin,
sí ọgbà Ọ̀gá Sàádù,
níbi tí ilẹ̀ ti mu epo dúdú títí
tí koríko fi gbàgbé pé òun lè hù.
Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ìka bọ inú rẹ̀,
ó gbóòórùn ìka náà.
"Èyí ti lọ, Rẹ̀mílẹ́kún. Òmíràn la máa wá."

Ọdún méjìlélógún ni mo jẹ́.
Ìwé ìwakọ̀ mi kò tíì pé ọdún kan.
Owó àjọ oṣù mẹ́jọ ló wà lápò mi.

Yákúbù, ọ̀rẹ́ mi ní Táńkè, ní:
"Fi onípisitíìnì mẹ́fà sí i!
Tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, igi á máa sá sẹ́yìn,
àwọn ará Kúlẹ́ńdé á ní ta ló kọjá."
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní dísù ni kí n rà,
ti bọ́ọ̀sì kan tó forí sọ igi.
Òun fúnra rẹ̀ kò tíì ní ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Mo rìn láàárín ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀
bí ẹni tó ń wá òkú ẹbí rẹ̀.
Wọ́n tò wọ́n sórí taya, wọ́n fi ọ̀rá bo ẹnu wọn.
Ọ̀kan wà, ti Jápáànì, ó mọ́ bí abọ́ ọjọ́ Iléyá.
Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù.
Èwo nínú yín ló mọ̀nà Òmù-Àrán?

Torí nígbà tí bàbá mi wà láyé,
kó tó dé kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi ti ń gbé omi kaná.
"Ó ti dé," ni yóò wí, a kò sì tíì rí nǹkan kan.
Kì í ṣe fèrè ọkọ̀ ló gbọ́.
Ẹ́ńjìnnì yẹn ní ìró kan nísàlẹ̀ ìró,
bí ẹni tó ń pe aya rẹ̀ lójú oorun.
Ọdún kẹta rèé tí bàbá ti sùn ní ẹ̀yìnkùlé,
ìró náà ṣì ń wọlé nígbàkígbà tí mo bá wálé,
omi náà ṣì ń hó.

Mo sọ èyí fún Ọ̀gá Sàádù. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò, ó ní:
"Ohùn, mi ò lè fún ọ. Kò sí lórí àtẹ.
Ṣùgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ onípisitíìnì mẹ́fà jù nù.
Ẹsẹ̀ tó ń sáré kò ṣòro rà.
Búrẹ́kì Pijó yìí, agbára àtijọ́ nìkan ló mọ̀;
tó o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òró, kí lo máa fi dúró?"

N kò ní èsì.
Mo ra ti Jápáànì, onípisitíìnì mẹ́rin, kékeré.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gé irin, tó fi jó irin,
ó pààrọ̀ búrẹ́kì kó tó gbowó tán.

Ọjọ́ Sátidé, mo wálé.
Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí abẹ́rẹ́ nínú aṣọ.
Ní Àjàṣẹ́, obìnrin oníṣu kò gbórí sókè.
Mo dé ojúlé wa. Ilẹ̀kùn wà ní títì.
Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo jókòó díẹ̀.
Mo tún tan án, mo pa á, mo tún tan án.
Ìyá mi yọjú lójú fèrèsé,
ó wo ọkọ̀ tó mọ̀, ó dẹ etí sí èyí tí kò mọ̀.
"Ta nìyẹn?"
Mo ní, "Èmi ni, ìyá mi. Ẹ wá gbọ́ ọ."