Ojú Ìyá Wa

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Òkè-Bálógun, ní Ẹ̀pẹ́,
ìyá wa kì í pariwo.
Ojú ló fi ń sọ̀rọ̀.
Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú wa nílé onílé,
ìyá la ó kọ́kọ́ wò.
Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ díẹ̀.
Bó bá ranjú: "Ẹ ṣé o, a ti yó,"
ikùn wa a sì máa kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.
Ojú tí èéfín ẹja fi ogójì ọdún bá jà,
tí kò rí gbé ṣe.

Àìsàn dé lóru Jímọ́ọ̀ kan.
Ó gba ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀, ó so ahọ́n mọ́lẹ̀.
Ó gbàgbé ojú.
Oṣù mọ́kànlá ni ìyá fi ń wò wá,
tí à ń dáhùn ohun tí kò bi wá:
a fún un lómi, àṣé ẹ̀fọn ni;
a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, àṣé ó ń pe ẹnì kan.
Àwa tí a ti gbọ́ èdè yìí rí!

Káámílù ọmọ mi ló gbé fóònù kan dé láti Ìkòròdú,
ó so ó mọ́ ẹ̀yìn àga níbi tí ojú ìyá lè bá a.
"Màmá, ẹ máa wo iná kékeré yìí,
ibi tó bá sá sí ni kẹ́ ẹ bá a dé."
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, alángbá sáré kọjá lára ògiri,
ojú ìyá bá a lọ,
ni fóònù bá pe ọkùnrin kan ní Ṣàgámù.
Ọkùnrin ń kígbe, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?"
Ìyá rẹ́rìn-ín lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tẹjú mọ́ O títí fóònù fi gbà.
Ó wo T. Ó wo I.
Òjò ti rọ̀, ó ti dá, kó tó kan U.
O TI RU.
Kò sí àmì lórí ẹ̀, mo kà á.
Èmi tí mo ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé
kò mọ ẹni tó ń tọ́jú òun mọ́.
Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé,
mo ń ka ẹja tí kò sí lórí ààrò.

Lánàá, Àláájà Sìnótù gbé mọ́ín-mọ́ín wá.
Mo nawọ́.
Mo ṣèèṣì wo ìyá.
"Ẹ ṣé o, mo ti yó."
Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé méjì.
Lẹ́yìn àga, fóònù náà paná ojú rẹ̀ pẹ́ẹ́.
Wọ́n ti tọ́ òun náà.