Oorun Olówó Gọbọi

Wọ́n gba fóònù mi lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n tì í mọ́ inú àpótí igi.
Ìrọ̀rí méje ni wọ́n kó síwájú mi kí n yàn:
ọ̀kan kún fún èèpo ọkà,
ọ̀kan ń ta sánsán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Omi atalẹ̀. Ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.
Ọmọbìnrin kan rọra ní kí n mí.
Mo mí. Mo ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi,
ṣùgbọ́n ti ibí yìí, owó ni.

Oorun kò wá.
Seoul ń tàn lójú fèrèsé
bí ajigbèsè tí kò lè dijú.

Aago mẹ́ta, mo sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.
Bàbá Deok-su, ọdẹ alẹ́, ń yan ànàmọ́
lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ìnura.
Kò bi mí pé kí ló dé.
Ó dá a sí méjì, ó fẹ́ ẹ,
ó na èyí tó tóbi sí mi.
Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí, ó ń kùn, ó ń yí.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó jí
lórí àga oníke, èédú lẹ́nu mi,
ẹ̀wù rẹ̀ léjìká mi.

Owó yàrá kò dín kọ́bọ̀.