Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Lórí tábìlì wa ní Duluth, oúnjẹ ò láyè mọ́.
Láti oṣù Ẹrẹ́nà la ti ń jẹun lórí itan,
abọ́ gbígbóná lórí aṣọ ìnura,
torí ìwé ló gba tábìlì.
Ìwé owó iná, oṣù mẹ́rìnlélógún.
Ìwé owó omi. Ìwé ilé tí orúkọ àwa méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀.
Rìsíìtì ẹni tó wá tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe
lóru ọjọ́ tí òtútù fẹ́ pa wá.
Eliseo ló ní kí n fi sí i:
"Ṣé wọn ò ní mọ̀ pé èèyàn méjì ló jọ gbọ̀n lóru ọjọ́ yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi sí i.

Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé,
tí ìwé kíkọ mi ò ju kí n ka orí ọmọ kí n tó tilẹ̀kùn,
mo wá di akọ̀wé ìfẹ́.
Mò ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò:
èkínní, àwa àti ìyá mi, létí adágún;
èkejì, ìyá mi nìkan, àmọ́ apá Eliseo yọ díẹ̀.
Ẹ̀kẹta ò sí. A kì í ya fọ́tò.
Ta ló mọ̀ pé wọ́n máa bi wá?

Wọ́n dá ìwé wa padà. Banegas lẹ kọ síbí,
Vanegas ni ìwé ìbí rẹ̀ pè é.
Akọ̀wé kan ní Olanchito, tó ti kú báyìí,
ló kọ orúkọ bó ṣe bọ́ sí i létí
ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn.
Lẹ́tà kan ṣoṣo so wá mọ́lẹ̀ foṣù márùn-ún.

Wọ́n tún ní kó wá tẹ̀ka.
Ó tẹ̀ka. Ẹ̀rọ lóun ò rí nǹkan kan.
Wọ́n nu gíláàsì. Wọ́n fi ìpara ra ìka rẹ̀.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfìfo.
Ọdún mọ́kànlá nídìí ẹja dídì, iyọ̀ àti ọ̀bẹ
ti fọ ìlà ìka rẹ̀ lọ
bí òjò ṣe ń fọ orúkọ kúrò lára òkúta ibojì.
Ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ń wò ó bíi pé kò sí níbẹ̀.
Mo fẹ́ sọ fún un pé mo mọ ìka wọ̀nyẹn.
Mo mọ̀ wọ́n nínú òkùnkùn: èyí tó wọ́,
èyí tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ gba èékánná rẹ̀,
èyí tó máa ń kan iwájú orí mi
láti mọ̀ bóyá ibà ti lọ.
Fọ́ọ̀mù wo ni mo fẹ́ kọ ìyẹn sí?

Lóṣù Bélú, wọ́n pè wá sí Minneapolis.
Ọ̀gbẹ́ni Tollefsrud ò burú, ikọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.
Ó yà wá sọ́tọ̀, yàrá kan fún èmi, yàrá kan fún òun.
Apá ibo lórí bẹ́ẹ̀dì ni ọkọ yín ń sùn sí?
Ó wà lọ́wọ́ ibi téèyàn bá ti dúró wò ó.
Àwọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ ńkọ́?
Mo ní búlúù. Ọkọ mi ti sọ pé àwọ̀ ewé ni.
Ó jọ pé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni mo ti ń lò látèṣí.

Ọ́físà wúkọ́, ó ṣí ojú ewé.
"Ọkọ yín ní ẹ máa ń ka nọ́ńbà lójú oorun.
Ẹ ó kà á dé méjìdínlógójì, ẹ ó dákẹ́,
ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan.
Ó ní òun ló máa ń bá yín sọ mọ́kàndínlógójì
kí ẹ tó lè sùn."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí
nípa ọmọ tó sùn lọ lórí àga ẹ̀yìn,
lọ́jọ́ yìnyín, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Wọ́n tètè rí i. Ohunkóhun ò ṣe é.
Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n.

Káàdì ò tíì dé.
Lálẹ́ ọjọ́ náà a kó ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a jẹun lórí tábìlì.
Mo ní: kí ló dé tí o ò sọ fún mi?
Ó ń bu ọbẹ̀. Ó ní:
o ò bi mí.
Ọ́físà ló bi mí.