Ìdérí Táǹkì

Verlyn, alùpùpù rẹ tún kú mọ́ mi nídìí lónìí,
ní máìlì kẹjọ, kí n tó dé afárá odò Platte.
Kò kú bí ẹni tí ọta ìbọn bá.
Ó kọ́kọ́ húkọ́, ó mi orí,
ó ń fà bí arúgbó tó ń gun òkè,
lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
Àgbàdo lápá ọ̀tún, àgbàdo lápá òsì.
Mo jókòó sétí títì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀,
àbí ọkọ;
ohùn kan péré ló yà wọ́n.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo tẹ bọ́tìnnì,
ó jí, bíi pé n kò rí i nígbà tó ń kú.
Ó gbé mi dé máìlì mẹ́jọ mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò nínú abà.
Mo tú pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì: èéfín kò bò wọ́n, wọn ò tutù,
àwọ̀ wọn rẹ́súrẹ́sú bíi búrẹ́dì tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.
Mo fa epo tí o rà kẹ́yìn jáde,
ó ti ń rùn bí ọ̀dà. Ó pẹ́ kí n tó dà á nù.
Mo pààrọ̀ fílítà.
Mo tú kabúrétọ̀ sórí ìwé ìròyìn Ọjọ́bọ̀,
mo fi okùn jìtá tó tín-ín-rín jù
gún àwọn ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Orville Kucera, tó ń ta irinṣẹ́ oko, wá wò ó.
Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ní,
"Twyla, tà á. Irin tó bá ti mọ ọwọ́ ẹnìkan
kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn."
Mo fún un ní kọfí. N kò fún un lésì.

Ìbínú ló mú mi lónìí.
Mo ní kí n wo iye epo tó kù, mo yí ìdérí táǹkì,
ìdérí tó ń dán bíi fàdákà, tó ní ẹyẹ idì lórí,
tí mo fi owó ẹyin adìyẹ rà
lọ́jọ́ tí o pé ọgọ́ta ọdún.
Ó ṣe fíìììì.
Táǹkì mí kanlẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n ti di nímú láti àárọ̀.

Mo dé e padà. Mo gùn ún ní máìlì mẹ́jọ.
Ó kú. Mo ṣí i: fíìììì. Ó jí.
Ìdérí tí mo rà kò ní ihò atẹ́gùn.
Epo ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé dípò rẹ̀,
títí epo fi há sókè.

Ìgbà náà ni mo rántí bí o ṣe máa ń dúró.
Ọdún mẹ́rin gbáko! Ní máìlì méje, méje ààbọ̀,
wàá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wàá ní,
"Twyla, sọ̀ kalẹ̀, wá wo àwọn agúfọn."
Mo ń wò wọ́n nínú omi tí kò mù wọ́n dé orúnkún,
aláwọ̀ eérú, ọlọ́rùn gígùn,
igbe wọn bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí,
èmi sì kọ ẹ̀yìn sí ọ.
Mo máa ń gbọ́ ohun kan tó ń ṣe fíìì.
Mo rò pé atẹ́gùn pápá ni.

Oṣù kẹjọ wá ńkọ́, Verlyn,
tí agúfọn kankan kò sí láti ibí dé Wyoming?
O ní ká wo màlúù.

Òpùrọ́ mi.

Ìdérí tó ní ihò, dọ́là mọ́kànlá ni lọ́wọ́ Orville.
Ó ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sán, nínú ọ̀rá rẹ̀.
Lọ́la màá gùn ún jáde pẹ̀lú ti ẹlẹ́yẹ idì.
Ní máìlì méje ààbọ̀ màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́,
màá sọ̀ kalẹ̀,
màá wo màlúù.