Àlàfo Àárín Ìbejì

Ní Ńgúrù, níbi tí ojú irin parí sí,
ọyẹ́ gbé eruku rẹ̀ kalẹ̀ lálẹ́ àná,
ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
A gun òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì, èmi àti Falimátà,
pẹ̀lú awò ìwòràwọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀,
àti abọ́ iyọ̀ kan.

Bàbá Mòdú, ọlọ́dẹ wa, tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú:
"Tísà, ta lẹ fẹ́ se ọbẹ̀ fún lókè níbí?"

Mo bu iyọ̀ síná sítóòfù.
Iná búlúù di aláwọ̀ ìyeyè.
Gíláàsì onílà ya ìmọ́lẹ̀ náà, ìlà méjì yọ,
Táyé ń yọjú, Kẹ́hìndé ò jìnnà.
Àlàfo kékeré àárín wọn,
òfin tó so ayé pọ̀ ló wọ̀n ọ́n.
Bí òfin bá yẹ̀ bí irun, àlàfo á yẹ̀.

La bá yí awò sí ìràwọ̀ pupa kan,
èyí tí Falimátà ní ó ń tọ adìẹ olómọ lẹ́yìn.
Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílé láti bí ọdún márùnlélọ́gọ́ta.
Bàbá Mòdú ka ìka:
"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já mi lẹ́nu ọmú nígbà yẹn."
Ó pa tọ́ọ̀ṣì.

Ogójì ìṣẹ́jú ni fóònù fi wà lójú awò,
òtútù ń jẹ wá létí.
Ìbejì náà wà níbẹ̀, dúdú, nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀.
Falimátà wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.
Ó bá ti iyọ̀ wa mu.

"Ṣé ẹ ń dán Ọlọ́run wò ni?"
Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá
ohun tó sọ fún iyọ̀ níhìn-ín ló sọ fún un lọ́hùn-ún.
"Ìwọ̀n yín ńkọ́? Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?"

Mo wo rúlà oníke tó ti kán létí.
Àwọn tí awò wọn tóbi ju mọ́ṣáláṣí Jímọ́ọ̀ lọ
ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó gbéra kí ilẹ̀ yìí tó di ilẹ̀;
àwọn náà ní ó dọ́gba,
títí dé ibi tí ojú wọn ká.
Lẹ́yìn ibẹ̀, wọn ò mọ̀.

Falimátà kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé,
ó kọ iye tó ṣeé ṣe kó fi ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Bàbá Mòdú fi ìka tọ́ iyọ̀ tó kù lá,
ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.