Èpìyà Abẹ́ Àpáàdì

Lẹ́yìn Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
níbi tí omi ti pọ́n bí àgbo,
odò kan wà tí kò lórúkọ. Kò mu àgbà dé orúnkún.
Ibẹ̀ ni mo ti ń fọ àpò tí a fi ń fún ẹ̀gẹ́,
ibẹ̀ ni mo ju àpáàdì ìkòkò màmá àgbà sí,
èyí tí mo fọ́, tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn èpìyà rí i.
Kì í ṣe èpìyà ńlá tí a ń yan;
èyí kò gùn ju ìka ìfábẹ̀lá mi lọ,
eegun rẹ̀ kò lè há ológbò lọ́fun.
Ṣùgbọ́n abo rẹ̀! Ikùn rẹ̀ pọ́n bí ẹni jókòó sínú osùn.
Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú akọ, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀,
akọ ṣe bí ẹni tí kò rí i,
ó sì tẹ̀ lé e wọ abẹ́ àpáàdì.

Abo wà nínú ilé. Akọ wà lẹ́nu ààlà.
Akàn kọjá, ó lé e. Ewé kọjá, ó lé e.
Mo tẹsẹ̀ bọ omi, ó já mọ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi,
ẹja tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò!
Bàbá mi náà, ẹnu ọ̀nà ni ibùjókòó rẹ̀,
kì í wọ ilé ìdáná, kò mọ ibi tí iyọ̀ wà.

Ọdún tí ìyá mi bá àwọn aláṣọ lọ sí Àbíjàn,
tó ní oṣù méjì, tó di mẹ́sàn-án,
Odùfuwà dé pẹ̀lú àwọ̀n àti ọ̀rá tó kún fún atẹ́gùn.
Ó ní àwọn kan ń kó wọn sínú gíláàsì l'Ékòó,
wọn kì í jẹ wọ́n, wíwò ni wọ́n ń wò wọ́n.
Mo ní, "Ẹja tí a kì í jẹ, ta ní ń sanwó rẹ̀?"
Ó ní, "Ọmọ Ìjẹ̀bú! Owó lo kọ́kọ́ bèèrè."
Abo olósùn ló gbé.
Akọ kò lẹ́wà tó, ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo dojú bolẹ̀ létí omi.
Àwọn ọmọ ti jáde, bí iyẹ̀pẹ̀ tó lójú.
Akọ ti fi ààlà sílẹ̀ fún akàn.
Bó bá gbọ̀n ara lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn a balẹ̀, a dákẹ́;
èyí tó bá ṣìnà, a fi ẹnu gbé e, a tu ú sáàárín ẹgbẹ́.
Ta ló kọ́ ọ? N kò mọ̀.
Bóyá ó ti ń yọjú wo ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bàbá mi pè mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó fi òòyà ìyá mi ya orí mi.
Ìlà kan forí lé Àgọ́-Ìwòyè, èkejì ṣẹ́rí padà sí Orù.
Ó dùn mí. N kò ké.
Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ní ṣọ́ọ̀ṣì,
n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Nígbà tí ìyá mi dé, orí mi ló kọ́kọ́ wò.
Ó bèèrè ẹni tó dì í.
Bàbá mi ti padà sẹ́nu ọ̀nà,
ó ń lé ewúrẹ́.