Àga Ẹ̀yìn

Ọ̀ṣúnkúnlé yọ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,
ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lééṣì mi.
Ó ní, "Bàbá, ìwúwo ni ọ̀tá eré."
Mo wo àga náà. Awọ rẹ̀ ò tíì ya.
Mo ní kò burú.

Selíkà pupa ni, onílẹ̀kùn méjì,
Ràímì wẹ́dà ń pè é ní ọkọ̀ àpọ́n.
Ọmọ mi ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù, ó ti gé súpíríìnì,
ọkọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ bí ọkọ ìyàwó níwájú àna.
Bọ́ǹpù kan wà ní Òkè-Fìà tó mọ ikùn rẹ̀ dáadáa.
Sálẹ́ńsà tuntun ń bú lóru;
ìyá arúgbó ojúlé kejì bi mí
bóyá reluwé ti padà dé.

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún gé irin
kí wọ́n tó ti géètì ilé-iṣẹ́ pa,
tí owó ìfẹ̀yìntì mi ṣì wà lójú ọ̀nà,
èmi ni mo tẹ páìpù tó di egungun ìhà nínú ọkọ̀ náà.
Ràímì jó o pọ̀.
Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀; irin ò gbọ̀n.

"Iná ńkọ́?" "Ó ń tàn."
"Fèrè?" Ó tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ Múnírù fò.
"Nọ́ńbà? Ìwé ọkọ̀?"
"Wọ́n pé. Títì ìjọba ló ń rìn, Bàbá, kì í ṣe pápá."
"Bíréèkì ńkọ́?"
Ó dákẹ́.

Mo ti ń retí ìdákẹ́ yẹn láti ọjọ́ Ajé.
Ẹni tó mọ sísá tí kò mọ dídúró,
ògiri ni yóò dá a dúró.
Owó tó fẹ́ fi ra ìyẹ́ sí ìdí ọkọ̀
(ìyẹ́ tí kò lè fò)
ó fi ra díìsì àti páàdì.
Inú ń bí i. Ó sì rà á.

Ní ìdájí Àìkú, a gba ọ̀nà Ìkìrun.
Ó tẹ̀ ẹ́. Igi ẹ̀bá ọ̀nà di ògiri kan ṣoṣo.
Ẹnu mi gbẹ; mi ò sọ̀rọ̀.
Àfi màlúù kan, ọ̀kan péré,
tó jáde bí ẹni tó ni títì.
Ọkọ̀ dúró.
Màlúù wò wá, ó tẹrí ba, ó ń jẹ koríko.
Ọ̀ṣúnkúnlé ò wojú mi títí a fi dé Ọláìyá.

Àga ẹ̀yìn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lééṣì,
orí rẹ̀ ni mo jókòó sí báyìí.
Ó ní bí òun bá gbéyàwó, òun á dá a padà.
Kò kán mi lójú.
Tìmùtìmù rẹ̀ dára.